Bakassi: Ṣé Ìbínú Ló Yẹ Kí Nàìjíríà Fi Gbà Á, Tàbí Sùúrù? Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Mọ̀

Yorùbá ní sùúrù ni baba ìwà. Yorùbá kan náà ló ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Òwe méjèèjì yìí ni àwọn èèyàn máa ń fi ko ara wọn lójú nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ Bakassi bá jáde, ì báà jẹ́ nídìí àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn ní Àkúrẹ́, ì báà jẹ́ nínú ọkọ̀ tó ń kó èrò lọ sí Oǹdó. Apá kan á ní Nàìjíríà jókòó, wọ́n gba ilẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó yẹ kó jà. Apá kejì á ní ìjọba ṣe ohun tó tọ́, nítorí pé ọmọ ta ni wọn ì bá kó lọ sójú ogun?

Àríyànjiyàn náà kì í tán, nítorí pé ọ̀pọ̀ ló rántí ìbínú ọjọ́ náà, àmọ́ àwọn tó mọ bí ìwé ṣe ń tẹ̀lé ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀ kò pọ̀. Àlàyé rèé lẹ́sẹẹsẹ, láti ọdún 1884 títí di ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà bọ́ mọ́ Nàìjíríà lọ́wọ́ pátápátá.

Níbo ni Bakassi wà?

Bakassi jẹ́ ilẹ̀ ẹrẹ̀ tí omi fẹ́rẹ̀ẹ́ yí ká tán, ní ìkángun Nàìjíríà níhà gúúsù ìlà-oòrùn, lẹ́yìn ìlú Kálàbá, níbi tí odò Cross River ti ń wọ òkun. Igi inú omi iyọ̀ ló bo ibẹ̀. Ẹja àti edé ni àwọn ará ibẹ̀ fi ń jẹun, ọmọ Nàìjíríà ló sì pọ̀ jù nínú wọn, pàápàá àwọn Ẹ́fíìkì àti Ìbíbíò. Epo rọ̀bì wà nínú òkun agbègbè náà, èyí tó jẹ́ kí ojú ìjọba méjèèjì tún là sí i.

Ẹni tó bá wà ní Àkúrẹ́ lè rò pé ọ̀nà ibẹ̀ jìn. Àmọ́ àwọn apẹja Ìlàjẹ, tí ilé wọn wà ní etíkun Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ti ń bá ẹja lọ títí dé etíkun Kamẹrúùnù láti ọjọ́ pípẹ́. Ìpínlẹ̀ Oǹdó fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ìpínlẹ̀ tó ní epo, tó ń gba nínú owó ìdá mẹ́tàlá nínú ọgọ́rùn-ún tí òfin yà sọ́tọ̀ fún àwọn ìpínlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ìlà ààlà lè fi kún àpò ìpínlẹ̀, tàbí kó yọ kúrò níbẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àlejò níbí.

Ìlà tí àwọn òyìnbó fà: 1884 sí 1961

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1884, àwọn ọba àti ìjòyè Old Calabar fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Gẹ̀ẹ́sì ṣèlérí pé òun á dáàbò bò wọ́n. Àwọn náà gbà pé àwọn kò ní bá ìjọba òkèèrè mìíràn da nǹkan pọ̀ láìjẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí i. Ààbò ni wọ́n ní àwọn gbà. Wọn kò ní àwọn ta ilẹ̀.

Nígbà tó di oṣù Kẹta ọdún 1913, Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì jókòó ní London, wọ́n pín ààlà láàárín ara wọn, wọ́n sì fi Bakassi sí ọ̀dọ̀ Jámánì tó ń ṣàkóso Kamẹrúùnù nígbà náà. Kò pẹ́ tí Ogun Àgbáyé Kìíní fi dé. Wọ́n gba Kamẹrúùnù lọ́wọ́ Jámánì, Faransé mú apá tó pọ̀ jù, Gẹ̀ẹ́sì mú apá tó kù, Bakassi sì bọ́ sí apá Gẹ̀ẹ́sì. Gẹ̀ẹ́sì so apá tirẹ̀ yìí mọ́ Nàìjíríà, ibẹ̀ ló sì ti ń ṣàkóso rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ará Bakassi fi dàgbà láìmọ orílẹ̀-èdè mìíràn ju Nàìjíríà lọ.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 1961, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní kí àwọn tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Kamẹrúùnù dìbò. Apá àríwá yan Nàìjíríà. Apá gúúsù yan Kamẹrúùnù. Apá gúúsù yìí ni ìwé àdéhùn 1913 ka Bakassi mọ́. Ní ọdún 1964, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà tún pàdé ní Cairo, wọ́n sì fẹnu kò pé ààlà tí òyìnbó fi sílẹ̀ ni kí kálukú dì mú, kí ogun má baà gba gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà kan.

Àwọn ìwé tí ará ìlú kò gbọ́ nípa wọn

Ibí ló yẹ kí òǹkàwé ti fara balẹ̀, torí ibí gan-an ni ẹjọ́ ti bàjẹ́ mọ́ Nàìjíríà lọ́wọ́.

Ní oṣù Kẹta ọdún 1962, kò tíì pé ọdún méjì tí Nàìjíríà gba òmìnira, ìjọba Nàìjíríà kọ̀wé sí ìjọba Kamẹrúùnù lórí ọ̀rọ̀ ìwákiri epo. Àwòrán ilẹ̀ tó bá ìwé náà lọ fi Bakassi hàn ní ìhà Kamẹrúùnù. Ní ọdún 1970, Dókítà Taslim Elias, tó jẹ́ Agbẹjọ́rò Àgbà ìjọba àpapọ̀, sọ nínú lẹ́tà pé gẹ́gẹ́ bí ìwé ṣe wà nílẹ̀, Kamẹrúùnù ló ni Bakassi. Elias kì í ṣe ẹni tí òfin ṣàjèjì sí: nígbà tó yá, òun ni wọ́n fi ṣe Ààrẹ Ilé-Ẹjọ́ Àgbáyé ní Hague.

Ní ọdún 1971, orílẹ̀-èdè méjèèjì fa apá kan nínú ààlà orí omi. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà ọdún 1975, Ọ̀gágun Yakubu Gowon àti Ààrẹ Ahmadou Ahidjo pàdé ní ìlú Maroua ní Kamẹrúùnù, wọ́n sì fọwọ́ sí èyí tó kù. Kò tó oṣù méjì lẹ́yìn ìgbà náà tí wọ́n fi gba ìjọba lọ́wọ́ Gowon. Ìjọba tó tẹ̀lé e ní òun kò mọ̀ sí àdéhùn Maroua, pé Ìgbìmọ̀ Gíga àwọn ológun kò fi òǹtẹ̀ lù ú.

Ẹ wo bó ṣe lọ: kò sí ìwọ́de, kò sí ariwo ní gbogbo ọdún tí wọ́n ń kọ ìwé wọ̀nyí. Ìgbà tí ìbínú ì bá fi ṣiṣẹ́ jù lọ nìyẹn, kí yíǹkì tó gbẹ. Àmọ́ ta ló máa bínú sí ohun tí kò sí nínú ìròyìn?

1981: Ọjọ́ tí ìlú fẹ́ ogun

Ní ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún ọdún 1981, àwọn ọmọ ogun Kamẹrúùnù yìnbọn pa ọmọ ogun Nàìjíríà márùn-ún lórí omi lágbègbè Bakassi. Orílẹ̀-èdè gbiná. Àwọn ìwé ìròyìn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn olóṣèlú ní kí Ààrẹ Shehu Shagari ránṣẹ́ ogun. Àwọn kan ń sọ pé Kamẹrúùnù kéré, pé tí Nàìjíríà bá na ọwọ́ kan, ó parí.

Shagari kò jagun. Ó ní kí Kamẹrúùnù tọrọ àforíjì, kó sì san owó gbà-máà-bínú fún ìdílé àwọn tó kú. Wọ́n pè é ní ojo. Nígbẹ̀yìn, Kamẹrúùnù tọrọ àforíjì, ó sì gbà láti san owó náà.

Àwọn tó fara mọ́ sùúrù máa ń fi èyí ṣe àpẹẹrẹ, wọn kò sì purọ́. Ariwo ará ìlú gan-an wúlò lọ́jọ́ náà, torí ó jẹ́ kí Kamẹrúùnù mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àwàdà. Àmọ́ ohun tí sùúrù yẹn kò ṣe ni pé kò mú kí wọ́n parí ọ̀rọ̀ ààlà fúnra rẹ̀. Owó wọlé, ariwo rọlẹ̀, ìlà wà níbi tó wà.

1993 sí 1994: Ẹnì kan kó ọmọ ogun, ẹnì kejì kó ìwé

Ní òpin oṣù Kejìlá ọdún 1993, kété lẹ́yìn tí Ọ̀gágun Sani Abacha gba ìjọba, àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà wọ Bakassi. Ní oṣù Kejì ọdún 1994, ìbọn dún láàárín wọn àti àwọn ti Kamẹrúùnù. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà pàtẹ́wọ́: níkẹyìn, ìjọba ti ṣe bí ọkùnrin.

Ohun tí Kamẹrúùnù ń ṣe ní àkókò kan náà ló yẹ kí èèyàn wò. Láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ ọdún 1965 ni Nàìjíríà ti fọwọ́ sí i pé Ilé-Ẹjọ́ Àgbáyé lè gbọ́ ẹjọ́ òun pẹ̀lú orílẹ̀-èdè yòówù tó bá ṣe irú ìlérí kan náà. Kamẹrúùnù kò tíì ṣe é. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ọdún 1994, ó fi ìwé tirẹ̀ sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ní ọjọ́ 29 oṣù kan náà, ó gbé Nàìjíríà lọ sí Hague. Nígbà tí Nàìjíríà ṣàròyé pé wọ́n yọ́ kẹ́lẹ́ gbé òun lọ sí kóòtù, ilé-ẹjọ́ ní kò sí òfin tó sọ pé kí wọ́n kọ́kọ́ fi tó o létí.

Ẹni tó bá ti bá wọn jà lórí ilẹ̀ oko kòkó ní ìgbèríko Oǹdó tàbí lórí ilẹ̀ ilé ní Àkúrẹ́ mọ irú ọgbọ́n yìí. Ìdílé kan á kó àwọn ọ̀dọ́ lọ dúró sórí ilẹ̀, wọ́n á máa ké. Ìdílé kejì á lọ bá awọnlẹ̀, á gbà ìwé sọ̀fée, á sì lọ fi orúkọ sílẹ̀ ní kóòtù. Títí àwọn ti àkọ́kọ́ á fi ké tán, ìwé ìpẹ̀jọ́ ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

2002: Ohun tí ilé-ẹjọ́ sọ gan-an

Ọdún mẹ́jọ ni ẹjọ́ náà gbà. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹwàá ọdún 2002, adájọ́ 13 nínú 16 ní Kamẹrúùnù ló ni Bakassi. Àwọn ìdí tí wọ́n sọ nìyí:

• Àdéhùn 1913 láàárín Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ilé-ẹjọ́ ní àdéhùn ààbò ọdún 1884 kò dí Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ láti pín ààlà náà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ka apá yìí sí ìwà ìrẹ́jẹ sí àwọn ọba Kálàbá, nítorí pé ẹni tí wọ́n gbà láti dáàbò bò ni wọ́n fi ilẹ̀ rẹ̀ ṣe òwò.

• Àwọn ìwé tí Nàìjíríà fúnra rẹ̀ kọ lẹ́yìn òmìnira, bíi ti 1962, fi hàn pé ó gbà nígbà náà pé Kamẹrúùnù ló ni ibẹ̀.

• Ìwé tí olórí orílẹ̀-èdè bá fọwọ́ sí ti di orílẹ̀-èdè náà mú. Nítorí náà, kò sí ohun tó kan Kamẹrúùnù bóyá Ìgbìmọ̀ Gíga àwọn ológun fi òǹtẹ̀ lu àdéhùn Maroua tàbí kò fi lù ú.

• Ilé-ìwé àti ilé-ìwòsàn tí Nàìjíríà kọ́ síbẹ̀, owó-orí tó gbà níbẹ̀, kò tó láti borí ìwé tó ti wà nílẹ̀.

Ilé-ẹjọ́ tún fún Kamẹrúùnù ní àwọn abúlé kan ní ìhà Adágún Chad. Àmọ́ Nàìjíríà kò pàdánù gbogbo rẹ̀: àwọn ibì kan wà lórí ààlà orí ilẹ̀ tí ilé-ẹjọ́ ní tirẹ̀ ni, ilé-ẹjọ́ kò sì gbà pé kí Nàìjíríà san owó ìtanràn tí Kamẹrúùnù ń bèèrè.

Ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ mẹ́ta tí kò fara mọ́ ìdájọ́ lórí Bakassi ni Ọmọọba Bọ́lá Ajíbọ́lá, ọmọ Ẹ̀gbá láti Abẹ́òkúta, tí Nàìjíríà yàn láti jókòó nínú ẹjọ́ náà. Ó kọ èrò tirẹ̀ sílẹ̀, ó ní ilé-ẹjọ́ kò ka ẹ̀tọ́ àwọn ará Bakassi àti àwọn ọba Kálàbá sí bó ṣe yẹ. Ẹ fi orúkọ rẹ̀ sọ́kàn, torí iṣẹ́ rẹ̀ kò parí síbẹ̀.

Ìbínú tún dé, àmọ́ ibo ló já sí?

Ìròyìn ìdájọ́ náà dà bí ẹni pé wọ́n da omi gbígbóná sí orílẹ̀-èdè lára. Àwọn kan ní kí ìjọba kọ̀ ọ́ pátápátá. Àwọn kan ní kí ọmọ ogun dúró síbẹ̀, ká wo ẹni tó máa lé wọn. Ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ fi ohùn líle sọ̀rọ̀.

Ẹjọ́ Hague kò ní kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ilé-ẹjọ́ náà kò sì ní ọlọ́pàá tàbí ọmọ ogun. Ẹni tí ìdájọ́ gbè lè gbé ọ̀rọ̀ lọ sí Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Níbẹ̀, Faransé, tó ti jẹ́ ọ̀rẹ́ Kamẹrúùnù láti ọjọ́ pípẹ́, ní agbára láti sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọ̀nà méjì ló kù fún Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́: kó kọ̀, kó sì múra fún ogun tàbí ìyà tí ayé máa fi jẹ Nàìjíríà, tàbí kó gbà, kó sì fi àkókò wá ohun tó dára jù fún àwọn tó ń gbé ibẹ̀.

Kí ìdájọ́ tó jáde ni Kofi Annan, tó jẹ́ Akọ̀wé Àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ti kó Ọbásanjọ́ àti Ààrẹ Paul Biya jọ, tí àwọn méjèèjì sì gbà láti bọ̀wọ̀ fún un. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2002, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ alápapọ̀ kalẹ̀ láti ṣètò bí nǹkan ṣe máa lọ. Ẹni tí Nàìjíríà fi ṣe olórí ikọ̀ tirẹ̀ ni Bọ́lá Ajíbọ́lá, ọkùnrin tó sọ fún gbogbo ayé pé ìdájọ́ náà kò tọ́. Òun ló tún jókòó sídìí tábìlì láti rí i pé wọn kò fi ìyà kún ìyà àwọn ará ibẹ̀. Ó bínú, ó sì kọ ìbínú náà sínú ìwé. Lẹ́yìn náà, ó bá iṣẹ́ lọ.

Nàìjíríà kò yára. Ó kúrò ní ìhà Adágún Chad ní 2003. Ó yẹ kó kúrò ní Bakassi ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2004, àmọ́ kò kúrò. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2006, Ọbásanjọ́ àti Biya fọwọ́ sí àdéhùn ní Greentree, ní ìpínlẹ̀ New York. Amẹ́ríkà, Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Jámánì ṣe ẹlẹ́rìí sí i pẹ̀lú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Àdéhùn náà ní Kamẹrúùnù kò gbọdọ̀ fi tipá lé ọmọ Nàìjíríà kúrò ní Bakassi, kò gbọdọ̀ fi tipá yí wọn padà sí ọmọ Kamẹrúùnù, kò gbọdọ̀ gba owó-orí tó yàtọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ó ní kó bọ̀wọ̀ fún èdè àti àṣà wọn, kó sì jẹ́ kí wọ́n máa pẹja wọn lọ.

Àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà kúrò ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ ọdún 2006. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2007, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà ní Àbújá sọ pé fífi ilẹ̀ náà sílẹ̀ kò bófin mu, torí òfin ilẹ̀ wa ní àwọn aṣòfin ló gbọ́dọ̀ sọ àdéhùn di òfin. Òdodo ọ̀rọ̀ ni. Àmọ́ àwọn ọmọ ogun ti kúrò níbẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ ọdún 2008, lábẹ́ ìjọba Umaru Yar'Adua, wọ́n fa èyí tó kù lé Kamẹrúùnù lọ́wọ́. Kálàbá ni wọ́n ti ṣe é, wọn kò ṣe é ní Bakassi, torí pé ààbò ibẹ̀ kò dájú. Lẹ́yìn náà, ọdún márùn-ún mìíràn ni àdéhùn fi sílẹ̀ kí òfin Kamẹrúùnù tó múlẹ̀ pátápátá, èyí tó parí ní oṣù Kẹjọ ọdún 2013.

2012: Ọjọ́ tó kọjá

Òfin Ilé-Ẹjọ́ Àgbáyé fi fèrèsé kékeré kan sílẹ̀. Tí orílẹ̀-èdè kan bá rí ẹ̀rí tuntun tí kò sí ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ nígbà ìdájọ́, ó lè béèrè pé kí wọ́n tún ẹjọ́ náà wò, àmọ́ ọdún mẹ́wàá kò gbọdọ̀ kọjá.

Bí oṣù Kẹwàá ọdún 2012 ṣe ń sún mọ́lé ni ariwo tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn aṣòfin ní kí ìjọba Goodluck Jonathan padà sí Hague. Nígbà tó ku bí ọjọ́ kan ṣoṣo, Agbẹjọ́rò Àgbà, Mohammed Adoke, kéde pé ìjọba kò ní lọ, pé kò sí ẹ̀rí tuntun tó lè yí ìdájọ́ padà.

Bóyá ìpinnu yẹn tọ́ tàbí kò tọ́, gbogbo èèyàn ló ti mọ̀ láti 2002 pé ọdún mẹ́wàá ni. Àwọn tó ń ké ní oṣù tó kẹ́yìn, ta nínú wọn ló ti wá ẹ̀rí lọ sí ilé ìkówèésí ní London tàbí Berlin ní gbogbo ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́? Ariwo tó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀kùn ti ń tì kò lè dípò ìwé.

Ọdún 2012 yẹn kan náà, ní oṣù Keje, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Àbújá dá Ìpínlẹ̀ Akwa Ibom láre lórí kànga epo 76 tí òun àti Ìpínlẹ̀ Cross River ń fà. Bí Bakassi ṣe lọ, Cross River kò ní etíkun mọ́ lójú òfin, owó àwọn kànga náà sì bá a lọ.

Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ńkọ́?

Àwọn ni òfin àti ìbínú jọ gbàgbé. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n dìbò lórí ibi tí wọ́n fẹ́ wà. Àwọn kan dúró sí Bakassi lábẹ́ Kamẹrúùnù. Àwọn kan kó ẹrù wọn sínú ọkọ̀ ojú omi wá sí Nàìjíríà. Wọ́n gé wọ́ọ̀dù mẹ́ta lára Akpabuyo ní Cross River, wọ́n ní ìjọba ìbílẹ̀ Bakassi tuntun nìyẹn. Àmọ́ apẹja ni wọ́n. Ilẹ̀ tí wọ́n fún wọn kò rí bí omi tí wọ́n fi sílẹ̀. Orúkọ Bakassi ṣì wà nínú Òfin Orílẹ̀-èdè ọdún 1999 gẹ́gẹ́ bí ìjọba ìbílẹ̀ Nàìjíríà, ilẹ̀ tí wọ́n torí rẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ sì ti lọ.

Ibí ni sùúrù ìjọba ti kùnà jù. Àdéhùn Greentree dára lórí ìwé, àmọ́ ẹni tó bá ṣe sùúrù gba àdéhùn gbọ́dọ̀ tún máa ṣọ́ ọ bóyá wọ́n ń pa á mọ́. Ibẹ̀ sì ni ariwo ará ìlú ì bá ti wúlò, lójoojúmọ́, lẹ́yìn tí àwọn oníròyìn ti lọ sílé.

Bó ṣe rí níbòmíràn

Orílẹ̀-èdè Mali àti Burkina Faso bá ara wọn jà ní oṣù Kejìlá ọdún 1985 lórí ilẹ̀ gbígbẹ kan tí wọ́n ń pè ní Agacher, nígbà tí ẹjọ́ wọn ṣì wà ní Hague. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí lọ. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ilé-ẹjọ́ pín ilẹ̀ náà fún àwọn méjèèjì, wọ́n sì gbà. Àwọn tó kú kú lórí ohun tí ìwé parí.

Ti Ethiopia àti Eritrea burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti 1998 sí 2000, wọ́n jagun lórí ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Badme, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀pọ̀ èèyàn sì kú. Ní 2002, ìgbìmọ̀ tí àwọn méjèèjì gbà sí ní Eritrea ló ni Badme. Ethiopia kọ̀ ọ́, títí di ọdún 2018 kó tó ní òun gbà. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ẹnubodè tì pa, ìyá àti ọmọ kò rí ara wọn.

Ọdún 2002 yẹn kan náà ni ìdájọ́ Bakassi. Ẹni tó bá ń ka iye ohun tí Nàìjíríà pàdánù ní láti fi ogun tí kò jà náà kún ìṣirò rẹ̀.

Kí ló kan Àkúrẹ́ àti Oǹdó?

Ìpínlẹ̀ Oǹdó mọ ohun tí ìbínú lórí ilẹ̀ lè fà. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 1998, àwọn Ìlàjẹ àti àwọn Ìjọ̀ Àrógbò bá ara wọn jà ní agbègbè odò ìpínlẹ̀ yìí, wọ́n jó abúlé, wọ́n pa èèyàn. Omi àti ilẹ̀ tí wọ́n torí rẹ̀ jà ṣì wà níbẹ̀. Àwọn tó jà lórí rẹ̀ ni kò sí mọ́.

Ọ̀nà wà fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìgbìmọ̀ Ààlà Orílẹ̀-èdè, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1987, ló ń mójú tó ààlà láàárín Nàìjíríà àti àwọn aládùúgbò rẹ̀, àti láàárín ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀. Igbákejì Ààrẹ ni alága rẹ̀. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìgbìmọ̀ ààlà tirẹ̀, Igbákejì Gómìnà ló sì ń darí rẹ̀, ìyẹn ni pé ti Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà ní Àkúrẹ́. Tí ìpínlẹ̀ méjì bá sì ń jà, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ni wọ́n máa gbé ara wọn lọ tààrà.

Nítorí náà, nígbà tí ọ̀rọ̀ ààlà bá tún dé, ì báà jẹ́ láàárín orílẹ̀-èdè, ìpínlẹ̀ tàbí ìlú méjì, ìbéèrè mẹ́rin ló yẹ kí ará ìlú bi àwọn aṣáájú kí ìlù ogun tó dún:

1. Ìwé wo ló ti wà nílẹ̀, ta ló sì fọwọ́ sí i?

2. Ṣé àwọn aṣòfin mọ̀ nípa èyí tí wọ́n fẹ́ fọwọ́ sí báyìí?

3. Ọjọ́ wo ni àkókò máa pé, kí la sì ń ṣe kó tó pé?

4. Kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó ń gbé orí ilẹ̀ náà, ṣé ẹnì kan ti bi wọ́n?

Ìbínú tó bèèrè ìbéèrè mẹ́rin yìí kì í ṣe ìbínú lásán. Sùúrù tó bá sì ní ìdáhùn sí wọn kì í ṣe ojo. Ọ̀rọ̀ Bakassi fi hàn pé Nàìjíríà kò ṣaláìní èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ìgbà tó yẹ kó bínú ló fi dákẹ́, ìgbà tí ìwé ti pé ló wá ń ké. Àwọn àgbà ti sọ ọ́: bí a bá ń sunkún, à á máa ríran.